Wáyà iná nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré: bí ẹ ṣe máa ṣe é tí kò fi ní kú mọ́ yín lọ́wọ́ lójú omi

Rìwáyà mọ́tò ni mo kọ́, Láfẹ́nwá níbí, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní tọkọ̀ ojú omi. Bàbá apẹja kan tó máa ń gbé bátìrì ẹ̀ wá cháàjì lọ́dọ̀ mi ló fà mí débẹ̀. Omi Ọ̀yán ni bàbá ti ń pẹja, adágún tí wọ́n sé tí wọ́n sì ṣí ní 1983, tí wọ́n torí omi ẹ̀rọ Èkó àti tiwa ní Abẹ́òkúta sé. Ó ní kí n bá òun fa iná sínú ọkọ̀ òun torí òun fẹ́ máa jáde ní ìdájí. Mo ní ṣebí 12V náà ni, mo sì fà á bí mo ṣe ń fa ti mọ́tò. Kò pé oṣù mẹ́ta, iná kú mọ́ bàbá lórí láàárín omi, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kan sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọlọ́run ló yọ ọ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń jù sí wọn kí wọ́n tó rí i.

Nígbà tó gbé ọkọ̀ wá sétí omi, mo fi abẹ la tépù tí mo fi wé ojú wáyà tí mo lọ́ pọ̀. Kọ́pà tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti di gíríìnì, ó ń bu sí mi lọ́wọ́ bí ẹ̀tù. Mo gé wáyà náà sẹ́yìn, dúdú ni inú ẹ̀, mo tún gé e, dúdú náà ni, ó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí n tó débi tí kọ́pà ti mọ́. Omi ti gba ojú ìsopọ̀ wọlé, ó wá ń fa ara ẹ̀ lọ nínú rọ́bà wáyà bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Wáyà ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò ní àìsàn kankan, ojú tí mo lọ́ pọ̀ ló pa á. Látọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe é bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé yìí, mo sì tún ti bàbá ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ ni èyí tí kò ju mítà méje sí mẹ́jọ lọ, onípákó ni o, fáíbà ni o, bátìrì 12V kan, gílóòbù díẹ̀, páǹpù tó ń gbọ́nmi, àti ibi tẹ́ ẹ ti máa cháàjì fóònù. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe ẹni tó ń ṣe ti ọkọ̀ ńlá. Ẹ má sì gbé ínfátà 220V sínú irú ọkọ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, iná ilé àti omi lábẹ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ gbàgbé nípa mọ́tò

Nínú mọ́tò, wáyà kan ṣoṣo la sábà máa ń fà lọ bá gílóòbù. Iná á gba pọ́sítíìfù lọ, tó bá ṣiṣẹ́ tán á gba irin bọ́dì padà sórí bátìrì, òun là ń pè ní áàtì. Ọkọ̀ ojú omi ò ní bọ́dì tó ń gbé iná. Pákó ò gbé e, fáíbà ò gbé e. Torí náà ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iná fún, wáyà méjì ló gbọ́dọ̀ dé ìdí ẹ̀, èyí tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀, kí wọ́n sì jọ rìn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ onírin, ẹ má fi irin ẹ̀ ṣe áàtì o, torí iná tó bá ń jò gba irin tó wà nínú omi á máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí á fi lu.

Ìkejì ni jìgìjìgì. Ẹ́ńjìnì tó wà nídìí ọkọ̀ ń gbọ̀n gbogbo pákó yẹn látàárọ̀ dalẹ́, ìgbì náà ń gbá a. Wáyà ilé tí kọ́pà inú ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó le gan-gan á kán nínú rọ́bà láìjẹ́ pé ẹ rí i lójú. Wáyà tí inú ẹ̀ jẹ́ òwú kọ́pà tínńtín púpọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rà, èyí tó máa ń tẹ̀ tó sì máa ń rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti fi tin pa òwú kọ́pà ẹ̀ lára, tó funfun bíi fàdákà tẹ́ ẹ bá bó o, òun gan-an ni ti ọkọ̀ ojú omi. Ó wọ́n, kì í sì pọ̀ lọ́jà wa níbí, Èkó ni mo ti máa ń ní kí wọ́n bá mi rà á. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, wáyà mọ́tò tó dáa náà á ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti dí gbogbo ojú ẹ̀ pa bí mo ṣe máa sọ nísàlẹ̀.

Ẹ yà á sórí ìwé ná

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ ya ọkọ̀ yín bí ẹni tó ń wò ó látòkè. Ẹ fi ibi tí bátìrì máa wà hàn, ibi tí súwíìṣì máa wà, ibi tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan máa wà. Lẹ́yìn náà ẹ mú okùn, ẹ fi wọn ọ̀nà tí wáyà máa gbà gan-an, kó gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó yípo igun, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Nílé mi mo ní ìwé kan tí àwòrán gbogbo ọkọ̀ tí mo ti ṣe wà nínú ẹ̀, tí oníbàárà bá ní nǹkan kú, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mo ti mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yẹn ni kẹ́ ẹ kọ iye ámpù tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jẹ sí. Tó bá jẹ́ wáàtì ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹ fi 12 pín in. Gílóòbù 12W, ámpù 1 nìyẹn. Ẹ wá fi iye wákàtí tó máa tàn lọ́jọ́ kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ bàbá yẹn wò: iná funfun òkè 0.3A, iná pupa àti gíríìnì iwájú 0.3A, gílóòbù LED tó fi ń wo àwọ̀n 1A, gbogbo ẹ̀ 1.6A, ní wákàtí mẹ́jọ ó jẹ́ 12.8Ah (Ah ni ámpù tẹ́ ẹ fi wákàtí sọ di púpọ̀). Fóònù 1.5A fún wákàtí mẹ́ta, 4.5Ah. Páǹpù 3A, ká ní ó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 1.5Ah. Àpapọ̀ ẹ̀ 18.8Ah. Bátìrì olómi tàbí èyí tí wọ́n dé pa, kò yẹ kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ kọjá ìdajì, torí bẹ́ẹ̀ ni kì í fi í pẹ́ ayé. Bátìrì 45Ah, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 22.5Ah, á tó ṣùgbọ́n kò sáyè kankan níbẹ̀. 75Ah ni mo fún bàbá. Tẹ́ ẹ bá lè rí bátìrì tí wọ́n ṣe fún sólà, ó sàn ju ti mọ́tò lọ, torí ti mọ́tò, kó ṣáà ti ta ẹ́ńjìnì kó sì sinmi ni wọ́n ṣe é fún.

Wáyà tó nípọn tó

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣọ́wó kú. Ní 12V, gbogbo ìdámẹ́wàá fóòtì (V yẹn ni fóòtì) tó bá sọnù lójú ọ̀nà ló ṣe pàtàkì. Àjọ ABYC tí wọ́n ń kọ ìlànà ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà ní ohun tó bá sọnù sójú ọ̀nà iná ìrìnnà àti páǹpù tó ń gbọ́nmi ò gbọdọ̀ ju 3% lọ, ìyẹn 0.36V nínú 12V. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, bíi gílóòbù inú ọkọ̀, wọ́n gba tiẹ̀ dé 10%.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀ nìyí, kò le rárá. Ẹ mú 0.0175, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn wáyà ní mítà, àlọ àti àbọ̀ pọ̀ o, ẹ fi ìnípọn wáyà ní milimítà oníigun mẹ́rin pín in, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ámpù. Páǹpù 5A tó jìnnà sí bátìrì ní mítà mẹ́rin, àlọ àbọ̀ ẹ̀ mítà mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá fi wáyà 1mm, 0.7V ló máa sọnù, páǹpù á máa rìn bí ẹni tí kò jẹun. 1.5mm, nǹkan bíi 0.47V, ó ṣì kọjá 3%. 2.5mm, 0.28V, ó ti dáa. Ẹ wá rí i pé tẹ́ ẹ bá wo ámpù nìkan, ẹ máa ní 1mm tó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gùn ló ń jẹ ẹ́.

Èmi kì í lo ohun tó kéré sí 1.5mm nínú ọkọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ gílóòbù LED kékeré, torí wáyà tínńrín tètè ń já. Àwọ̀ ńkọ́? Pupa fún pọ́sítíìfù, dúdú fún nẹ́gẹ́tíìfù, láti orí bátìrì títí dé ìdí gílóòbù tó gbẹ̀yìn. Ẹ má sọ pé pupa tán lọ́wọ́ ẹ jẹ́ ká fi búlúù parí ẹ̀. Ẹni tó máa tún un ṣe lọ́dún mẹ́ta òní kì í ṣe wòlíì.

Bátìrì àti ibi tó máa jókòó

Ibi tó ga sí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tó súnmọ́ àárín, tí kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo. Ooru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń rọ̀ sí, ó sì máa ń dúró síbẹ̀ bí omi, ẹ̀ta iná kékeré kan láti orí bátìrì ti tó láti mú un gbiná. Bátìrì fúnra ẹ̀ náà, tó bá ń gba cháàjì, ó ń tú gáàsì jáde, tiẹ̀ fúyẹ́, òkè ló ń lọ, ìdí nìyẹn tí àpótí bátìrì ò fi gbọdọ̀ dé pinpin, ó gbọ́dọ̀ ní ihò lókè. Àpótí oníke tí wọ́n ń tà ló dáa jù. Ẹ kàn án mọ́ pákó, kẹ́ ẹ sì fi bẹ́líìtì di bátìrì mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mì ín kò ní yẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fì, bátìrì tí wọn ò so ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa fò.

Ẹ bọ́ òrùka àti ṣéènì ọwọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. 12V ò ní gbá yín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí sípánà tàbí òrùka bá fi orí méjèèjì kanra, iná tó máa jáde níbẹ̀ lè mú kí irin pọ́n yòò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, nẹ́gẹ́tíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, nẹ́gẹ́tíìfù ló máa gbẹ̀yìn.

Fíúsì

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bó ṣe rí: wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò, kì í ṣe gílóòbù. Bátìrì ò mọ̀ bóyá gílóòbù ni wáyà ń lọ bá ni àbí ó ti kanra wọn lójú ọ̀nà, gbogbo agbára ẹ̀ ló máa tú síbẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ kan tí wọ́n fi fíúsì sí, ṣùgbọ́n iwájú lọ́dọ̀ súwíìṣì ni wọ́n fi sí, ó jìnnà sí bátìrì tó mítà mẹ́ta. Wáyà ha pákó láàárín ọ̀nà, rọ́bà ẹ̀ bó, ó kan wáyà kejì. Fíúsì ò já, torí ibi tí iná ti ń sáré ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá. Wáyà yẹn jó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti ha, ó sì fi ilà dúdú sára pákó bí ìgbà tí wọ́n fi irin gbígbóná kọ ọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èbúté ni ọkọ̀ wà.

Nítorí náà fíúsì àgbà gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá orí pọ́sítíìfù bátìrì. ABYC ní kó má ju ínǹṣì méje lọ, nǹkan bíi 18cm. Lẹ́yìn fíúsì ni súwíìṣì àgbà tó lè pa gbogbo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ẹ̀ ni wáyà 6mm lọ sí àpótí fíúsì kéékèèké níwájú, níbi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti máa ní fíúsì tiẹ̀, àyàfi páǹpù tí mo máa sọ ọ̀nà tiẹ̀ nísàlẹ̀. Fún fíúsì àgbà lórí wáyà 6mm yìí, 30A ni mo máa ń fi sí. Lórí 1.5mm mi ò kí ń fi ohun tó ju 10A lọ, lórí 2.5mm 15A, lórí 4mm 20A. Tí nǹkan tó wà nídìí ẹ̀ ò bá jẹun tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi èyí tó kéré sí i, ẹ kàn kọjá ámpù ẹ̀ díẹ̀. Tí fíúsì bá ń já, ẹ wá ohun tó ń já a. Àwọn kan máa ń fi bébà sìgá oníyẹtuyẹtu wé e kí wọ́n lè dé ilé, ẹ má dán an wò láé.

Wáyà ńlá tó ń ta ẹ́ńjìnì fún ẹ́ńjìnì tó ní kíìkì, ìyẹn èyí tó ń fi iná bátìrì ta, ọ̀nà tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, bí ìwé ẹ́ńjìnì bá ṣe sọ ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má gbà á kọjá àpótí fíúsì kéékèèké yìí.

Nẹ́gẹ́tíìfù gbogbo wọn, ẹ má kó wọn lé orí bátìrì bí ìdì ewédú. Ẹ wá irin kọ́pà pẹlẹbẹ tó ní síkúrúù púpọ̀ lórí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fíúsì, gbogbo wáyà dúdú á wá síbẹ̀, wáyà dúdú 6mm kan ṣoṣo ló máa tibẹ̀ padà sí bátìrì.

Ojú ìsopọ̀, níbi tí iṣẹ́ wà gan-an

Tẹ́ ẹ bá yára lórí gbogbo nǹkan yòókù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yára níbí. Ìsopọ̀ tó dáa jù ni èyí tí kò sí, ìyẹn ni pé kí wáyà kan ṣoṣo rìn láti àpótí fíúsì dé ìdí gílóòbù láìjá. Níbi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́dọ̀ so, ẹ má lọ́ ọ pọ̀ kẹ́ ẹ wé e ní tépù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nínú oòrùn tiwa yìí, gọ́ọ̀mù tépù á yọ́, á ṣí létí, omi á wọlé, kò sì ní jáde mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa kọ́kọ́ ti heat shrink sínú wáyà, ìyẹn rọ́bà tó máa ń sún kì tí iná bá yá a, èyí tí gọ́ọ̀mù wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, tí kò bá ní gọ́ọ̀mù omi ṣì máa wọ̀ ọ́. Mo máa bó wáyà ní nǹkan bíi 8mm, mo máa wò ó bóyá mo gé òwú kọ́pà kan dànù, tó bá ti ju méjì lọ mo máa gé e kúrò kí n tún bó o. Mo máa kì í bọ inú lọ́ọ̀gì tó bá ìnípọn ẹ̀ mu, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà kí síkúrúù lè dì í mú, òwú kankan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù síta, mo máa fi pùláyà tí wọ́n ṣe fún lọ́ọ̀gì tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pùláyà lásán, kì í ṣe òòlù. Lẹ́yìn náà mo máa di lọ́ọ̀gì mú lọ́wọ́ kan, wáyà lọ́wọ́ kejì, mo máa fà á gidi. Tó bá yọ, inú mi á dùn pé ọwọ́ mi ló yọ sí. Tí kò bá yọ, mo máa fa rọ́bà yẹn wá bo ọrùn lọ́ọ̀gì, mo máa fi láítà yá a lábẹ́ tí mò ń yí i títí rọ́bà á fi lẹ̀ mọ́ ọn tí gọ́ọ̀mù á sì yọ rinrin létí méjèèjì. Gọ́ọ̀mù tó yọ yẹn ni ẹ̀rí pé ó ti dí.

Àwọn ọ̀gá rìwáyà máa ń bi mí pé ṣé kò dáa ká fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ sójú wáyà, jó o. Lẹ́ẹ̀dì nìkan ò tó. Níbi tí lẹ́ẹ̀dì bá parí sí nínú òwú kọ́pà, ibẹ̀ á gan, jìgìjìgì ẹ́ńjìnì ibẹ̀ gan-an ló máa ṣẹ́ ẹ sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jó o, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó jó o, kẹ́ ẹ sì di wáyà náà mọ́ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kó má lè máa mì.

Lọ́ọ̀gì náà, èyí tí ojú ẹ̀ yí po bí òrùka ló dáa, torí tí síkúrúù bá tú díẹ̀ kò ní bọ́ sílẹ̀. Èyí tó ṣí lẹ́nu bíi fọ́ọ̀kì máa ń yọ.

Bí wáyà á ṣe rìn

Ẹ gbé e gba òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tí omi ìsàlẹ̀ ò ní dé. Ẹ fi kílíìpù kàn án mọ́lẹ̀ ní bíi gbogbo ìwọ̀n 40cm, kó má máa fì. Níbi tó bá ti gba inú pákó kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ojú ihò, kí etí pákó má máa rẹ́ ẹ. Kó tó wọ inú àpótí tàbí ìdí gílóòbù èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìkọ́ kó tó gòkè wọlé, òjò tó bá ń tọ wáyà bọ̀ á kán sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní lè gun òkè wọ inú àpótí. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n àpótí mélòó kan ni mo ti ṣí tí omi kún inú wọn torí pé òkè ni wáyà gbà wọlé.

Páǹpù tó ń gbọ́nmi

Nígbà òjò, tí Odò Ògùn bá kún tí kò sẹ́ni tó ń jáde, ọkọ̀ lè wà ní ìsokọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tí òjò á máa rọ̀ sínú ẹ̀. Páǹpù tó ní súwíìṣì tó ń léfòó, tí omi bá gbé e sókè á tan páǹpù fúnra ẹ̀, ló máa ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là. Ìdí nìyẹn tí wáyà páǹpù ò fi gbọdọ̀ gba súwíìṣì àgbà kọjá. Ẹ fà á tààrà láti orí bátìrì, pẹ̀lú fíúsì tiẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ámpù tí wọ́n kọ sára páǹpù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Súwíìṣì tó ń léfòó máa wà lórí wáyà pọ́sítíìfù, kẹ́ ẹ sì fi súwíìṣì kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fọwọ́ tàn tí èyí tó ń léfòó bá há.

Wáyà tó jáde lára páǹpù, ẹ gbé e lọ sókè lójú ẹsẹ̀, kí ìsopọ̀ ẹ̀ wà lókè ibi tó ga jù tí omi lè dé. Kò sí ìsopọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi tó ń pẹ́. Ọ́ọ̀sì tó ń tú omi sí ìta, ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ ga sí ojú omi ìta dáadáa kódà tẹ́ ẹ bá kó ẹrù, torí tó bá rì sínú omi, omi lè gbà á padà wọlé. Tẹ́ ẹ bá tan páǹpù tó ń dún ṣùgbọ́n tí omi tó ń jáde ò lágbára, ẹ wò ó bóyá ẹ yí pupa àti dúdú padà, ó ń yí sẹ́yìn nìyẹn.

Iná tí àwọn mìíràn á fi rí yín

Òfin ìrìnnà ojú òkun ti 1972 ló ṣàlàyé ẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tí kò tó mítà méjìlá, iná funfun kan tó ń tàn yíká gbogbo ẹ̀gbẹ́, pupa lápá òsì, gíríìnì lápá ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá kọjú síwájú. Iná funfun yẹn gbọ́dọ̀ ga ju pupa àti gíríìnì lọ ní mítà kan ó kéré tán. Ọkọ̀ tí kò tó mítà méje tí kò sì lè sáré ju nọ́ọ̀tì méje lọ, nǹkan bíi kìlómítà 13 ní wákàtí kan, lè lo funfun nìkan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lè fi méjì yòókù sí i, ẹ fi sí i. Ẹni tó bá rí pupa mọ̀ pé apá òsì yín lòun ń wò, ó mọ ibi tẹ́ ẹ kọjú sí, funfun nìkan ò sọ ìyẹn fún un.

Ẹ fi nǹkan kékeré kan bo abẹ́ iná funfun kí ó má máa tàn sójú ẹni tó ń wa ọkọ̀. Gílóòbù tí wọ́n dí pa pátápátá ni kẹ́ ẹ rà. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ kedere, fífi iná sọ́kọ̀ ò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ fi kó èrò lóru o, àjọ NIWA tó ń bójú tó ọ̀nà omi ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń kó èrò pé wọn ò gbọdọ̀ rìn lálẹ́.

Cháàjì

Ẹ́ńjìnì kékeré tí wọ́n ń fi okùn fà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í cháàjì bátìrì. Sólà ló bọ́ sí i jù. Páníẹ́lì 100W, nínú oòrùn tó mú, á fún yín ní bíi 5A, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún irú oòrùn bẹ́ẹ̀ lè dá 20Ah padà, ìyẹn sì tó fún ohun tí a ṣírò lókè. Ó gbọ́dọ̀ ní kọnturólà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣàkóso bí sólà ṣe ń cháàjì bátìrì. Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọnturólà, páníẹ́lì tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá ń tú u páníẹ́lì ló máa kọ́kọ́ kúrò. Fíúsì láàárín kọnturólà àti bátìrì, lẹ́bàá bátìrì náà ni.

Kẹ́ ẹ tó tan án

Ẹ pa gbogbo súwíìṣì. Ẹ yọ fíúsì àgbà, ẹ mú gílóòbù mọ́tò 12V tó jẹ́ 21W, ẹ so ó sípò fíúsì náà, lẹ́yìn náà ẹ tan súwíìṣì àgbà nìkan. Tó bá tàn gbòò, ibì kan ti kanra wọn, ẹ má fi fíúsì sí i títí ẹ fi rí ibẹ̀. Gílóòbù yẹn kò ní jẹ́ kí iná tó ń kọjá ju bíi 2A lọ, torí náà wáyà yín ò ní jó bẹ́ ẹ ṣe ń wá a. Tí kò bá tàn rárá, ẹ máa tan súwíìṣì yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, gílóòbù LED kékeré á jẹ́ kó pọ́n díẹ̀, ìyẹn ò burú. Gílóòbù yìí làwọn ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, mi ò tíì rí ohun tó sàn jù ú lọ.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dá fíúsì padà, ẹ tan páǹpù pẹ̀lú omi nínú ọkọ̀, ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wo orí bátìrì, ẹ tún wo ìdí páǹpù. Orí bátìrì 12.6V, ìdí páǹpù 12.3V, ó dáa. Tí ìyàtọ̀ ẹ̀ bá tó ìdajì fóòtì, ẹ máa fi mítà rìn láti ìsopọ̀ kan sí èkejì, ibi tí fóòtì bá ti já lulẹ̀ lójijì ni èyí tí kò dáa wà.

Lóṣooṣù, ẹ fi mítà wo bátìrì láàárọ̀ lẹ́yìn tó ti sinmi. 12.6V sí 12.7V ó kún, 12.2V ó ti di ìdajì, tó bá ti dé 12.0V ẹ má lò ó mọ́ kó tó gba cháàjì. Ẹ fún àwọn síkúrúù orí bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi fásílíìnì pa wọ́n lórí. Ẹ gbé súwíìṣì tó ń léfòó sókè pẹ̀lú ọwọ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn páǹpù. Kẹ́ ẹ sì fi ìgò oníke kan tó dé pinpin sínú ọkọ̀, nínú ẹ̀: fíúsì mẹ́ta mẹ́ta fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, gílóòbù iná funfun kan, lọ́ọ̀gì díẹ̀, láítà, àti tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì ẹ̀ ṣì lágbára.